Èlé oṣù kẹta nínú ìṣirò oṣù kẹfà: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń fi R ṣírò owó mọ̀ nípa yàrá iṣẹ́ rẹ̀

Ká mú un pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà tó ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó, tí akọ̀wé owó ẹgbẹ́ náà sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò èlé tó ń wọlé lóṣooṣù. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní R ló ń lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ nọ́ńbà sì ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Lóṣù kẹta ọdún, náírà márùn-ún ni ẹgbẹ́ ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n ní owó ti wọ́n níta, kí èlé di náírà mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, akọ̀wé jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tẹ iye owó tí ẹgbẹ́ yá àwọn èèyàn lóṣù náà, N2,400,000. Ó ní kí ẹ̀rọ fi èlé sọ ọ́ di púpọ̀. Kó tó ṣẹ́jú, èsì ti jáde: N120,000. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ṣọwọ́ sí akápò, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gba ilé lọ. Bẹ́ẹ̀, N192,000 ló yẹ kí owó náà jẹ́. N72,000 ti di àwátì láàárín ẹni tó ń ṣírò àti ẹ̀rọ tó bá a ṣírò, kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé akọ̀wé gbàgbé láti tẹ èlé tuntun. Ìyẹn ò tíì burú, kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ó yẹ kí ẹ̀rọ pariwo, kò sì pariwo. Bí èèyàn bá ní kí R lo ohun tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, R kì í gbójú fò ó, ojú ẹsẹ̀ ló máa kọ ọ́ síta pé òun wá nǹkan náà, òun ò rí i. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó wá a, ó sì rí i. Èlé oṣù kẹta ṣì wà níbi tí akọ̀wé gbé e sí láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ni kò rántí mọ́ pé òun fi nǹkan kan síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ lásán ni akọ̀wé yìí o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi R jẹun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jìnnà síle.

R kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1976 ni John Chambers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ èdè kan tí wọ́n pè ní S fún àwọn tó ń fi nọ́ńbà ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, ìyẹn Ross Ihaka àti Robert Gentleman, ṣe èyí tó fara jọ ọ́. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2000, ni wọ́n gbé ẹ̀dà 1.0.0 jáde fún gbogbo ayé. Látìgbà náà ló ti wọ ilé ìfowópamọ́, iléeṣẹ́ oògùn, yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìjọba lóríṣiríṣi. Ìwà kan tó jogún lára S ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé: nǹkan tí wọ́n bá gbé fún R, kì í jù ú nù lẹ́yìn ìṣirò.

Nígbà tí èèyàn bá ṣí R, bí ìgbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan ni. Gbogbo ohun tó bá fún lórúkọ, inú yàrá yẹn ló máa wà. Workspace lòyìnbó ń pè é, yàrá iṣẹ́ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú gbèsè tí oníkálùkù jẹ, object ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹrù, nítorí pé ó ń gba àyè, ó sì lè sú ni í rù. Ọfà kékeré ni wọ́n fi ń gbé ẹrù wọlé, báyìí:

ele <- 0.05

Ẹni tó bá tẹ ìlà yìí ti gbé 0.05 sínú yàrá, ó sì ti lẹ orúkọ mọ́ ọn lára pé ele. (Ó dáa kéèyàn yọ àmì ohùn kúrò lára orúkọ bẹ́ẹ̀, kó má baà dàrú nígbà tí fáìlì bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn.) Bó bá tún tẹ ele <- 0.08 lẹ́yìn náà, ti tẹ́lẹ̀ á dìde, tuntun á jókòó sáyè rẹ̀. R ò ní bi í bóyá ó dá a lójú. Ohun kan sì máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú: lójú R, ele àti Ele kì í ṣe nǹkan kan náà. Bí èèyàn bá fi lẹ́tà ńlá gbé èlé tuntun wọlé, tó wá fi lẹ́tà kékeré pè é nígbà ìṣirò, èlé àtijọ́ ló máa jẹ́ ẹ lóhùn.

Àṣẹ tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ kò gùn rárá. Lẹ́tà méjì ni, pẹ̀lú àkámọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀: ls(). Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Enter, gbogbo orúkọ ẹrù tó wà nínú yàrá á tò síta gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà a, b, d ṣe ń tẹ̀ léra. Ẹni tí ls() bá ṣòro fún láti rántí lè tẹ objects(), iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ká ní akọ̀wé wa ti tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ohun tó máa rí nìyí:

"ele" "gbese_osu2" "gbese_osu3" "oruko"

Nínú yàrá tó ṣófo, character(0) ni R máa ń dáhùn, ìyẹn ni pé kò rí orúkọ kankan. Nítorí náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀rọ, tí kò tíì tẹ nǹkan kan, tó wá bá orúkọ mẹ́rin nílẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé àlejò ti sùn sílé mọ́jú.

Àbùkù ls() ni pé orúkọ nìkan ló ń kà. Kò sọ ohun tó wà nínú àpò. Ẹni tó rí "ele" lè rò pé tuntun ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó, ls.str() ló wúlò jù. Ó máa ń to orúkọ, á sì sọ irú ẹrù tó jẹ́ àti díẹ̀ lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbi tí ls() ti máa sọ pé "ele" lásán, ls.str() á kọ ọ́ pé ele : num 0.05. Ojú lásán ti rí i pé kì í ṣe 0.08. Ìlà kan péré ni, ì bá sì ti gba N72,000 sílẹ̀.

Bí ẹrù bá pọ̀, kò pọn dandan kéèyàn máa ka gbogbo rẹ̀. Ls(pattern = "^gbese") kọ́ ló tọ́ o, l kékeré ni: ls(pattern = "^gbese"). Àmì tó dà bí òrùlé yẹn ń sọ fún R pé orúkọ tí gbese bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan lòun fẹ́ rí. Àwọn ẹrù kan sì wà tí ls() kì í dárúkọ rárá, àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, bíi .ele. Wọ́n wà nínú yàrá, wọ́n kàn dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jáde á tẹ ls(all.names = TRUE).

Kíkó ẹrù síta náà kò le. rm(ele) á gbé èlé jù nù. rm(gbese_osu2, gbese_osu3) á kó méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo gbese lọ lè so àṣẹ méjì pọ̀: rm(list = ls(pattern = "^gbese")). Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan rèé tí àgbà oníṣẹ́ kì í fi ṣeré: kí ẹ tó tẹ rm, ẹ kọ́kọ́ tẹ ls(pattern = "^gbese") fúnra rẹ̀, kí ẹ rí àwọn tó máa bá ọ̀nà lọ. Ó lè jẹ́ pé gbese_osu6 tí ẹ fi wákàtí méjì tò wà láàárín wọn. Kò sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí nínú R téèyàn ti lè lọ ṣa nǹkan padà bíi ti orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí rm bá gbé, ó lọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi rm(list = ls()) ṣe ìlà àkọ́kọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, kí yàrá lè mọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Inú rere ló ti wá, ṣùgbọ́n kò ṣe tó bí wọ́n ṣe rò. Kò kan àwọn ẹrù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn irinṣẹ́ àfikún tí wọ́n fi àṣẹ library kó wọlé ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti yí ètò kan padà, bí iye nọ́ńbà tó ń jáde lẹ́yìn àmì ìdánudúró, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà. Èyí tó tún wá burú ni pé bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí onítọ̀hún sì tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tirẹ̀, ẹrù tirẹ̀ ló máa kó dànù. Àfi bí ẹni kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, tí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà sì ń palẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ mọ́ kó tó jókòó kà á. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá mímọ́, kó jáde kúrò nínú R, kó tún un ṣí. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí R ń ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí èlé oṣù kẹta wà. Báwo ló ṣe dé oṣù kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìmọye ìgbà láàárín? Ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò nínú R á tẹ q(). R á wá bi í ní ìbéèrè kan: Save workspace image? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun bá a tọ́jú ẹrù inú yàrá. Lẹ́tà y ni bẹ́ẹ̀ ni, n ni rárá, c sì ni pé kò lọ mọ́. Ta ni wọ́n máa bi pé ṣé kí wọ́n bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀, tó máa ní rárá? Akọ̀wé tẹ y lóṣù kẹta, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Gbogbo ìgbà tó bá tẹ y, R á di gbogbo ẹrù inú yàrá sínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ .RData, á sì gbé e sínú fódà tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá di ọjọ́ mìíràn tí wọ́n tún ṣí R nínú fódà yẹn, á tú ẹrù náà padà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìlà kékeré kan ló máa fi sọ fún onílé pé òun ti kó wọn dé, ìlà tí ojú tó ti mọ́ ọn lára kì í sì í rí mọ́. Àmì ìdánudúró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ .RData tún mú kó ṣòro láti rí lórí kọ̀ǹpútà Mac àti Linux, torí wọn kì í fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ han ojú lásán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ fódà tó wà, kó tẹ getwd(), R á sọ ọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ fódà yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé lè ṣírò nínú fódà àkọ́kọ́, kó rí N120,000. Igbákejì rẹ̀ lè fi ìlà kan náà ṣírò nínú fódà mìíràn lórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà, kí ẹ̀rọ sọ fún un pé òun ò rí nǹkan tó ń jẹ́ ele. Oníkálùkù á máa búra pé ti òun ló tọ̀nà. Ìlà àṣẹ kan, fódà méjì, èsì méjì.

Ìdáhùn tó dára jù sí ìbéèrè ẹnu ilẹ̀kùn ni n. Àwọn tó ń lo RStudio, èyí tó jáde lọ́dún 2011 tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń lo R, lè ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n má tún rí ìbéèrè náà mọ́. Kí wọ́n lọ sí Tools, kí wọ́n yan Global Options. Níbi tí wọ́n kọ Restore .RData into workspace at startup sí, kí wọ́n yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀ kúrò. Níbi tí wọ́n kọ Save workspace to .RData on exit sí, kí wọ́n yan Never. Láti ìgbà yẹn lọ, bí wọ́n bá tẹ Ctrl, Shift àti F10 pa pọ̀, R á pa ara rẹ̀, á tún ṣí, yàrá á sì ṣófo. RStudio tún ní fèrèsé kan lápá ọ̀tún lókè tí wọ́n ń pè ní Environment. Ohun tí ls.str() ń sọ náà ló ń sọ, ṣùgbọ́n ojú ń rí i ní gbogbo ìgbà láìtẹ nǹkan kan.

Ẹ̀rù lè ba ẹlòmíràn pé, bí òun bá ń tẹ n, ṣé iṣẹ́ òun ò ní sọnù? Iṣẹ́ kì í sọnù bó bá wà nínú ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ni fáìlì tí èèyàn kọ àwọn ìlà ìṣirò rẹ̀ sí, tí orúkọ rẹ̀ sì ń parí pẹ̀lú .R. Bí ìwé àṣẹ bá wà, tí àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ náà sì wà, yàrá lè jóná lálẹ́, wọ́n á tún un kọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ .RData nìkan ló wà, èsì lèèyàn ní lọ́wọ́, kò ní ọ̀nà tí èsì náà gbà dé. Ọ́dítọ̀ tó bá sì béèrè pé ibo ni N120,000 ti wá, kò sí ohun tó máa fi hàn án.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sáwọn àgbà onímọ̀ ọrọ̀ ajé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Excel ni wọ́n lò, kì í ṣe R. Lọ́dún 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé ìwádìí jáde pé àwọn orílẹ̀-èdè tí gbèsè wọn bá ti kọjá ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń pèsè lọ́dún, ọrọ̀ ajé wọn kì í lọ síwájú. Ìpíndọ́gba tí wọ́n rí jẹ́ ìdínkù 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀, kò bá a mu. Àwọn tó ni ìwádìí fún un ní fáìlì Excel wọn. Nígbà tó wọ inú rẹ̀, ó rí i pé ìlà ìṣirò kan ti fo orílẹ̀-èdè márùn-ún. Lọ́dún 2013, òun àtàwọn olùkọ́ rẹ̀, Michael Ash àti Robert Pollin, gbé e jáde pé bí wọ́n bá tún àṣìṣe yẹn àtàwọn nǹkan mìíràn tí wọn ò fara mọ́ ṣe, ìpíndọ́gba náà á di ìdàgbàsókè 2.2. Àwọn onímọ̀ méjì náà gbà pé àṣìṣe Excel yẹn wà, wọn ò gba gbogbo ìyókù. Ẹni tó ní èsì nìkan lọ́wọ́ ò lè rí i láéláé. Àfi ẹni tó rí ọ̀nà ìṣirò.

Síbẹ̀, ẹrù kan wà tó yẹ kéèyàn tọ́jú, pàápàá èyí tí ẹ̀rọ fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣírò. Kí wọ́n tọ́jú òun nìkan, lórúkọ tirẹ̀: saveRDS(gbese_osu6, "gbese_osu6.rds"). Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á tẹ gbese_osu6 <- readRDS("gbese_osu6.rds"). Àṣẹ save àti load náà wà, wọ́n sì lè di ẹrù púpọ̀ sínú fáìlì kan, ṣùgbọ́n load ní ìwà kan tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Orúkọ tí ẹrù ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dì í náà ló máa gbé padà, bó bá sì bá ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, á lé e dìde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé lè tẹ ele <- 0.08 láàárọ̀, kó wá fi load kó ẹrù oṣù kẹta wọlé lọ́sàn-án torí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀, kí ele padà di 0.05 lẹ́yìn rẹ̀. readRDS ò lè ṣe irú ìyẹn, torí ẹni tó pè é ló máa fún ẹrù lórúkọ.

Ti àyè náà wà níbẹ̀. Mẹ́mòrì kọ̀ǹpútà ni R ń kó ẹrù rẹ̀ sí, nọ́ńbà tó ní ìdá kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì mẹ́jọ. Ìlà nọ́ńbà tó tó mílíọ̀nù kan á gba 8,000,048 báìtì, àpò tí wọ́n fi dì í ló ni 48 tó gbẹ̀yìn. Àṣẹ object.size ló ń wọn ẹrù kọ̀ọ̀kan. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí ò lè dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kó àkọsílẹ̀ báǹkì ọdún mẹ́wàá wọlé gbọ́dọ̀ máa fi rm kó èyí tó ti lò tán síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ká padà sọ́dọ̀ akọ̀wé wa. Ká ní ó ti yọ àmì yẹn kúrò, ó ti yan Never, ó sì ṣí R láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tẹ ls(), R dáhùn pé character(0). Ó tẹ gbese_osu6 <- 2400000, ó wá tẹ gbese_osu6 * ele bó ṣe ṣe lánàá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ pariwo: Error: object 'ele' not found. Ó wo ìlà náà títí. Ó na ọwọ́ sí ìwé ìpàdé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ ele <- 0.08, ó tún ìṣirò náà ṣe, ó sì rí 192000 lójú ẹ̀rọ. Fóònù ló gbé lẹ́yìn náà, ó pe akápò.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìwé àná yẹn ránṣẹ́ sáwọn alága. Mo fẹ́ tún un kọ."